Mo Wo Ilé Pope-Leighey ní Virginia: Yàrá Méjì Péré, Síbẹ̀ Kò Há

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Maryland tàbí Virginia, tí ẹ ń kówó jọ láti kọ́lé sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo ilé yìí ní Alexandria kí ẹ tó sanwó pláànù. Frank Lloyd Wright, gbajúmọ̀ akítẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ló ya á fún Loren Pope, oníròyìn tí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí $50. Báńkì kọ̀, wọn ò yá a lówó. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń bá ṣiṣẹ́ ló yá a. Wọ́n kọ́ ọ parí ní 1941. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,200 sikúẹ̀ fíìtì lọ: yàrá méjì, balùwẹ̀ kan, pálọ̀ àti ilé ìdáná.

Àjà ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá ti ń wọlé, àjà ẹnu ọ̀nà wálẹ̀ débi pé ẹni tó ga á fẹ́ tẹrí ba. Ẹ ó wá gba orí àtẹ̀gùn díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú pálọ̀, àjà á sì jìnnà sókè lójijì, ó lé ní 11 fíìtì. Ńṣe ni ara mi tú pẹ̀sẹ̀. Pálọ̀ náà kò tóbi o, ibi tóóró tí a gbà wọlé ló sọ ọ́ di gbọ̀ngàn lójú wa.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ara ògiri tó kọjú síta, wíńdò tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ òrùlé lókè ló wà níbẹ̀. Wọ́n gé ọnà sára pákó, wọ́n fi gíláàsì sí i láàárín, oòrùn á wá ya ọnà náà sára ògiri. Ní ẹ̀yìn, níbi tí igi àti koríko wà, ilẹ̀kùn gíláàsì gígùn ni. Ará ìta kò rí yín, ẹ̀yin sì ń rí igi. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń torí rẹ̀ mọ fẹ́ǹsì gíga, ògiri ilé fúnra rẹ̀ ló ṣe é. (Mo mọ̀ pé ti olè tún wà níbẹ̀ nílé.)

Bíríkì, pákó sàípírẹ́ẹ̀sì, gíláàsì àti kọnkéré pupa, ó tán. Kò sí ọ̀dà, kò sí màbù. Kódà ojú ìdè (skúrù) inú pákó, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Mo dúró ti ògiri yẹn pẹ́, nítorí iṣẹ́ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ilé mẹ̀kúnnù ni.

Ilé ìdáná kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó há jù fún ẹni tó ń se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, ibi ìkẹ́rù náà sì kéré.

Ní 1964, títì márosẹ̀ I-66 fẹ́ gba ojú ilẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ ní Falls Church. Marjorie Leighey, opó tó ni ín nígbà náà, fi ilé náà ta National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé ìtàn ní Amẹ́ríkà, lọ́rẹ, wọ́n sì tú u, wọ́n lọ tò ó padà sí Woodlawn, ní Alexandria tó wà báyìí. Ìyá náà padà wá gbé inú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1983. Ilé ńlá tí àwọn ẹrú sìn wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn dúdú ibí ló làágùn sórí ilẹ̀ náà.

Ọjọ́ tí oòrùn bá wà ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Ní tèmi, mo ti ní kí akítẹ́ẹ̀tì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde yọ yàrá méjì kúrò nínú pláànù, kó sì gbé àjà pálọ̀ sókè. Òrùlé pẹlẹbẹ bíi ti ilé Wright yìí nìkan ni mi ò gbà, nítorí òjò Ìjẹ̀bú.