Lọ́yà Ni àbí Paralegal? Ìfiwéra fún Tọkọtaya Tó Fẹ́ Túká Láìjà ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀, ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ lè má fojú kan adájọ́ rárá: ìkọ̀sílẹ̀ tí tọkọtaya ti jókòó sọ tán nílé. Wọ́n ti mọ ẹni tó ń mú ilé, ẹni tó ń san gbèsè mọ́tò, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa sùn. Ìjà ò sí, ìwé ló kù. Ẹni tí yóò bá wọn ṣe ìwé náà ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti pín: kí wọ́n gba lọ́yà, tàbí kí wọ́n lọ bá ẹni tó ń fi ìwé kóòtù ṣiṣẹ́ ṣe, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní paralegal, tí owó rẹ̀ kéré sí ti lọ́yà gan-an.

California ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lé, nítorí òfin ibẹ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kedere. Ẹ̀yin ará Houston ní Texas àti Phoenix ní Arizona, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ta lẹ fẹ́ sanwó fún gan-an?

Ẹ mọ lọ́yà. Ó ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ State Bar of California, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì wọn. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ rí.

Ti paralegal ló rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ní California, abẹ́ lọ́yà ni òfin ní kí paralegal ti máa ṣiṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kó máa ta iṣẹ́ fún ará ìlú. Ẹni tí òfin fún láyè bẹ́ẹ̀ ni Legal Document Assistant, tí wọ́n ń pè ní LDA. Òun ní láti forúkọ sílẹ̀ ní káúńtì tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, kí ó sì ní ìwé onídùúró $25,000, kí oníbàárà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe léṣe lè rí nǹkan gbà padà. Ọdún méjì méjì ló ń tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó kọ "paralegal" gàdàgbà sára gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì sí lọ́yà kankan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rú òfin kí ẹ tó wọlé. Àmọ́ nítorí pé paralegal náà ni aráyé ṣì ń pe àwọn LDA, ẹ kàn ní kó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn yín.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú àwọn tó ti ilé wá. Ní Nàìjíríà, lọ́yà ni notary public, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ló sì ń yàn án. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ta fóònù ní ìkóríta lè jẹ́ notary. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹni tó fọwọ́ síwèé ni ẹni tó pera rẹ̀, kó sì lu òǹtẹ̀. Kò mọ ohunkóhun nípa ìkọ̀sílẹ̀ ju bí ẹ̀yin ti mọ̀ lọ.

Ohun tí ọwọ́ kálukú wọn tó

LDA á kọ ohun tí ẹ bá ní kó kọ. Á kó fọ́ọ̀mù jọ, láti orí FL-100 tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ títí dé FL-180 tí adájọ́ ń fọwọ́ sí níkẹyìn, á tẹ̀ wọ́n, á sì kó wọn lọ sí kóòtù. Kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé ibí ni kí ẹ fàmì sí, tàbí pé ohun tí ẹ fẹ́ gbà yẹn kò tó. Bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé kí n yọ̀ǹda owó ìtọ́jú tí ọkọ mi yẹ kó máa fún mi?", ìdáhùn tó bófin mu ni pé òun kò lè sọ nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá dáhùn ti ń ṣe iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀làwọ́.

Lọ́yà lè dáhùn. Kódà, ó lè bi yín ní ohun tí ẹ ò ronú kàn rí. Àṣírí tí ẹ bá sọ fún un, òfin ò ní jẹ́ kí wọ́n fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. LDA kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, wọ́n lè pè é wá jẹ́rìí.

Ẹ má sì rò pé LDA kéré sí lọ́yà ní gbogbo ọ̀nà. Nínú fọ́ọ̀mù, ó lè ta lọ́yà yọ. Akọ̀wé kóòtù a máa dá ìwé padà nítorí àpótí kan tí wọn ò fàmì sí, tàbí nítorí pé wọ́n gbàgbé FL-141, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti kéde ohun ìní wọn fún ara wọn. Ẹni tó ń ṣe irú ìwé yìí lójoojúmọ́ ti mọ ibi tí akọ̀wé ń wò. Lọ́yà tó jẹ́ pé ẹjọ́ jàǹbá mọ́tò ló ń ṣe jù, tó kàn gba ìkọ̀sílẹ̀ yín mọ́ ọn, lè má mọ̀.

Owó

Kóòtù á gba $435 sí $450 lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹjọ́, lọ́yà ni o, LDA ni o. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré lè fi fọ́ọ̀mù FW-001 bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ náà á san iye yẹn bó bá fi èsì sílẹ̀ ní kóòtù. Ẹ̀tàn kékeré kan tó bófin mu wà níbí: bí àdéhùn bá ti wà, olùjẹ́jọ́ kò nílò láti fèsì. Á kàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níwájú notary, owó kan ṣoṣo ni ẹ̀yin méjèèjì yóò sì san fún kóòtù. LDA tó mọṣẹ́ mọ ọ̀nà yìí dáadáa.

Yàtọ̀ sí owó kóòtù, LDA sábà máa ń gba ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, ó lè tó ẹgbẹ̀rún kan. Lọ́yà tó bá gba iye kan fún gbogbo iṣẹ́ kì í sábà wá sílẹ̀ ju $1,500 lọ, ó sì lè ju ìlọ́po mẹ́ta iyẹn lọ bí ilé àti ọmọ bá wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ka wákàtí, ẹ béèrè iye wákàtí tó rò pé yóò gbà kí ẹ tó fi káàdì yín sílẹ̀.

Nínú lọ́yà àti LDA, kò sí èyí tó lè mú ìkọ̀sílẹ̀ yá jù. Ó kéré tán oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ kọjá láti ìgbà tí ìwé bá ti tẹ olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ kí ìgbéyàwó tó lè tú lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá ṣèlérí ọgbọ̀n ọjọ́ fún yín ní California, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Lọ́yà wa" kò sí

Ó ṣọ̀wọ́n kí lọ́yà kan gbà láti ṣojú ọkọ kó tún ṣojú aya nínú ìkọ̀sílẹ̀ wọn. Bí ọkọ bá san owó rẹ̀, lọ́yà ọkọ ni, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín sí ìyàwó tó. Ohun tó kọjú sẹ́nìkan, ẹ̀yìn ló kọ sẹ́lòmíràn. LDA ní tirẹ̀ kò ṣojú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀yin méjèèjì lè jókòó síwájú rẹ̀ kí ẹ jọ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Fún àwọn tó gbà gbọ́ nínú ara wọn, àǹfààní gidi nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló mú ẹnìkan gbà, ewu ni, nítorí kò sẹ́ni tí yóò fà á sẹ́yìn nínú yàrá yẹn.

Ibi tí owó pọ́ọ́kú ti ń di owó ńlá

Níbí gan-an ni mo ti máa ń sọ fún èèyàn pé kó ná owó lọ́yà, ì báà ṣe fún wákàtí méjì péré.

Owó ìfẹ̀yìntì ni àkọ́kọ́. Bí àdéhùn bá sọ pé ìyàwó yóò gba ìdajì 401(k) ọkọ, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tó ń kó jọ níbi iṣẹ́, tí adájọ́ sì fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Ìwé àṣẹ kóòtù mìíràn tí wọ́n ń pè ní QDRO ni wọ́n ń retí. Ọ̀pọ̀ LDA kì í ṣe é. Àwọn tọkọtaya mìíràn á gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ọkọ á ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, á ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ wo ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ pé ọdún 10 kó tó tú lè gba owó Social Security, owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba àpapọ̀, lórí orúkọ ẹni tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá dàgbà, tí kò bá ti fẹ́ ẹlòmíràn, láìdín owó ẹni yẹn kù. Tọkọtaya tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù díẹ̀ lè sọ owó yìí nù nítorí ìkánjú. LDA rí ọjọ́ náà lórí fọ́ọ̀mù, kò sì ní àṣẹ láti gbà yín nímọ̀ràn pé ẹ dúró díẹ̀.

Ilé: ìwé kóòtù tó ní ọkọ ni yóò máa san mọ́géèjì kò kan báńkì. Orúkọ tó wà lórí gbèsè ni wọ́n á lé mú, títí ẹni tó mú ilé fi gba gbèsè tuntun ní orúkọ ara rẹ̀ nìkan.

Green card ńkọ́? Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ti ọdún méjì gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù I-751 bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n mú gbèdéke kúrò. Tọkọtaya ló máa ń jọ fọwọ́ sí i. Bí ìgbéyàwó bá ti tú, òun nìkan ni yóò bẹ̀bẹ̀, á sì fi ẹ̀rí hàn pé ìgbéyàwó tòótọ́ ni. Ẹni tó fọwọ́ sí I-864, ìwé ìlérí láti gbọ́ bùkátà, fún aya tàbí ọkọ rẹ̀ náà, ìkọ̀sílẹ̀ kò tú u kúrò nínú ìlérí yẹn. Níbí, lọ́yà ìgbéyàwó lásán kò tó, ti ìwé ìgbélùú ni kí ẹ rí.

Ọ̀rọ̀ ilé tí a kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Lẹ́kí ló kù. "Ìyẹn ti Nàìjíríà, kò kan kóòtù ibí," ni ọ̀pọ̀ ń wí. Ó kàn án. Bí ẹ bá fi owó tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń gbé pọ̀ ní California kọ́ ọ, ohun ìní ẹ̀yin méjèèjì ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Obìnrin kan ní California jẹ lọ́tìrì tó tó $1.3 mílíọ̀nù, ó fi í pamọ́ fún ọkọ rẹ̀, wọ́n sì túká nírọ̀rùn pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Nígbà tí ọkọ gbọ́, ó padà sí kóòtù, gbogbo rẹ̀ ni kóòtù gbé fún un. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2001. Lọ́wọ́ kejì, àṣẹ adájọ́ Los Angeles kò yí orúkọ padà lórí ilẹ̀ Èkó. Ìwé ìyípadà ni ẹ nílò, àti àṣẹ Gómìnà lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ 1978. Àdéhùn yín gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé fún ta ni, àti ìgbà tí yóò ṣe é. LDA kò ní mọ̀ pé kó bi yín.

Texas àti Arizona

Texas kò ní irú LDA ti California. Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà tó ń gbowó láti bá yín kọ ìwé ẹjọ́ ń fi ara rẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ wà lórí TexasLawHelp.org. Ẹnìkan nínú yín gbọ́dọ̀ ti gbé ní Texas fún oṣù mẹ́fà àti ní káúńtì náà fún ọjọ́ 90, ọjọ́ 60 sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá pẹjọ́. Ẹ kíyè sí ìwé tí ẹnìkejì fi ń sọ pé òun kò nílò kí wọ́n fi ìwé jíṣẹ́ fún òun: bí ó bá fọwọ́ sí i kí ẹjọ́ tó wọ kóòtù, asán ni.

Arizona yàtọ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti ń fún Legal Paraprofessional níwèé àṣẹ níbẹ̀, wọ́n lè gba èèyàn nímọ̀ràn nínú ẹjọ́ ìdílé, wọ́n sì lè bá a dúró ní kóòtù. Ẹni yẹn, mo lè sanwó fún un láìbẹ̀rù.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí kò sí ọmọ, ilé tàbí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀: LDA ti tó. Kódà, ẹ lọ sí self-help center kóòtù yín kọ́kọ́, ibi tí wọ́n ti ń ran ẹni tí kò ní lọ́yà lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni. Bí ọmọ, ilé tàbí 401(k) bá wà, ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí LDA tẹ̀wé, kí kálukú sì san owó wákàtí kan tàbí méjì fún lọ́yà tirẹ̀ láti ka àdéhùn náà kó tó fọwọ́ sí i. Òfin California gba lọ́yà láyè láti ṣe apá kan iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀ràn ìwé ìgbélùú bá wà níbẹ̀, tàbí ilé ní Nàìjíríà, tàbí tí ọwọ́ ti ń bọ́ lu ara yín, lọ́yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, LDA gbọ́dọ̀ fún yín ní àdéhùn kíkọ, ẹ sì ní wákàtí 24 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè bóyá iye tó pè ní owó kóòtù nínú. Ẹ béèrè bóyá yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí akọ̀wé kóòtù bá dá a padà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ gba ẹ̀dà FL-180 tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù, ó kéré tán méjì: wọ́n á bi yín ní ọ̀kan nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ padà lórí páásípọ́ọ̀tù, wọ́n á sì bi yín ní èkejì ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣègbéyàwó mìíràn.