Mítà PAR Apogee MQ-510: ẹ háyà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra iná míì sórí táǹkì coral yín

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: tí coral yín (àwọn ẹran inú òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta) bá ń ṣe ségesège, tẹ́ ẹ sì ti ń wo iná tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dá owó yẹn dúró ná, ẹ lọ háyà mítà PAR, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí coral lè lò. Èyí tí mo lò ni Apogee MQ-510, Logan ní Utah, l'Amẹ́ríkà, ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Tuntun ẹ̀ ju $500 lọ, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tó ní táǹkì kan ṣoṣo á fi na irú owó bẹ́ẹ̀ sórí nǹkan tí ò ní lò ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ṣọ́ọ̀bù ẹja tí mo máa ń lọ níbí ní London ń fi háyà fún wíkẹ́ńdì, ẹ máa sanwó, ẹ máa fi dìpósíìtì sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé, ó parí.

Táǹkì mi gùn tó fíìtì 4, iná LED AI Prime 16HD kan ló sì wà lókè ẹ̀, bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi nìyẹn. Acropora (coral ẹlẹ́ka) tó wà lórí òkúta láàárín gbùngbùn ń ṣá, ó ti ń funfun láti orí, bẹ́ẹ̀ torch (coral ọlọ́wọ́ gígùn) tó wà ní igun apá òsì ń di búráùn, kì í sì í yọ ọwọ́ jáde dáadáa mọ́. Inú omi kan náà ni àwọn méjèèjì wà o. Mo bi àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ní iná pọ̀ jù, ìkejì ní iná ò tó, ìkẹta ní omi ló bàjẹ́. Mítà yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn méjì àkọ́kọ́ ò parọ́ rárá, nítorí PAR 420 ló kà lórí acropora, ó wá ka 35 péré nídìí torch.

Lílò ẹ̀ ò le. Ojú roboto kékeré kan wà lẹ́nu wáyà, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá, òun nìkan lẹ máa rì sómi. Èyí tó ń kọ nọ́ńbà, ẹ mú un dání lókè, kò gbọ́dọ̀ kan omi iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú yẹn dọ́gba, kó kọjú sókè, nítorí tó bá fi díẹ̀ dagun irọ́ ló máa pa fún yín. Iye ìmọ́lẹ̀ tó dé ibi tẹ́ ẹ gbé e sí gan-an ló ń kà, irú ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ewé wínníwínní tó ń gbé inú ara coral fi ń se oúnjẹ tí coral fúnra ẹ̀ náà ń jẹ níbẹ̀. Ẹ pa pọ́ọ̀m̀pù tó ń da omi rú kẹ́ ẹ tó kà á, torí tí ojú omi bá ń mì nọ́ńbà yẹn ò ní dúró, tèmi ń fò láti 180 lọ sí 310, ó tún já bọ́ sí 220, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni òótọ́ níbẹ̀. Ẹ má sì gbé e sókè kúrò lómi kẹ́ ẹ ní ẹ ń wọn iná, omi ni wọ́n ti ṣe ìṣirò ẹ̀ fún, nọ́ńbà afẹ́fẹ́ máa ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tó ti yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ìdérí. Ìdérí ike tó mọ́ gaara ló wà lórí táǹkì mi, ó kéré tán mo rò pé ó mọ́, iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lábẹ́ bí ìyẹ̀fun. Ibi tí mítà ti ka 120, mo gbé ìdérí kúrò láì yí nǹkan míì padà, ó di 165. Omi gbígbóná àti kànrìnkàn ló tún ìyẹn ṣe, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé áàpù wà lórí fóònù, áàpù tó ń ka lux, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ míì, ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbi iná búlúù, torí bí ojú èèyàn ṣe ń ríran ni lux ń tẹ̀ lé, ojú wa sì fẹ́ràn gíríìnì ju búlúù lọ, bẹ́ẹ̀ búlúù ló pọ̀ jù nínú iná coral. Kódà Apogee àtijọ́, MQ-200, máa ń ka iná LED búlúù kéré. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ gbé fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó. MQ-510 ń ka láti 389 dé 692 nanometer (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pe àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), búlúù wà nínú ẹ̀, ìyẹn tó.

Nọ́ńbà PAR tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni bíi 50 sí 100 fún àwọn soft coral (aláìléegun), 80 sí 150 fún LPS (eléegun tí ẹnu wọn tóbi) bíi torch, 200 sí 350 fún acropora àtàwọn ẹbí ẹ̀. Kì í ṣe òfin o, ẹ máa wo coral náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀kan nínú àwọn iná dúdú olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní black box, wọ́n kọ 165W sára ẹ̀, a fi mítà iná ilé wò ó, wátì bí 110 ló ń fà. Síbẹ̀ nígbà tá a rì mítà PAR sómi, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tó dáa sábẹ́ ara ẹ̀! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ka wátì sí mọ́ tí mo bá fẹ́ yan iná, ohun tó dé ọ̀dọ̀ coral ni kẹ́ ẹ wò, àti bó ṣe tàn kálẹ̀ tó. (Ẹ̀yin ará Lagos, wátì kàn yín ní tiyín nítorí inverter, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ metal halide 250W (irú iná àtijọ́ kan), ooru tó máa kó sínú omi yẹn nìkan á dá yín lágara.)

Tèmi, iná ńlá kan ì bá tún sun acropora náà sí i. Prime kejì ni mo fi kún un, mo pín wọn sí apá ọ̀tún àti òsì, mo rẹ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú áàpù, mo sì ń fi kún ìmọ́lẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí coral tó ti mọ́ òkùnkùn lára, tẹ́ ẹ bá ṣí iná lé e lórí lójijì ó máa funfun ni. Ẹ rántí pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta apá tí wọ́n fi ń gbé Prime kọ́.

Ohun tí mítà yìí ò lè sọ fún yín wà. Kò mọ àwọ̀ iná, kò sì mọ ohun tó wà nínú omi. Tí coral bá di búráùn tí PAR ẹ̀ sì dáa, ẹ lọ wọn nitrate àti phosphate (ohun tí ìdọ̀tí àti oúnjẹ ẹja máa ń fi sínú omi). Tó bá ń funfun níbi tí PAR ò ti ga, ẹ wo bí omi ṣe gbóná tó àti alkalinity ẹ̀ (agbára tí omi ní láti má ṣe tètè kan).

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, wáyà ẹ̀ ló máa ń lọ́ mọ́ra tó ń bí mi nínú. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi omi tí ò níyọ̀ ṣan ojú ẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tèmi kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó kó dìpósíìtì fúnni.