Palm IIIxe tí mo fi ń tọ́jú ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà mi

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni Àlájà kan gbé léèsì wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà ní Sáúdì làwọn fẹ́ rán an fún, ẹnì kan ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tó máa bá àwọn mú un dání. Mo ní Àlájà, ìwọ̀n ẹ̀ dà? Wọ́n ní Alfa, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ rán aṣọ tó wọ̀ níjọ́ tó gbéyàwó. Mo yọ Palm, ẹ̀rọ kékeré tí mo ń kọ nǹkan sí, jáde lápò, mo tẹ bọ́tìnì kejì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àdírẹ́sì ṣí lójú ẹsẹ̀, mo kọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọ náà, òun nìyẹn: ejìká 18 àbọ̀, àyà 42, ọwọ́ 25, ọrùn 16. Mo béèrè bóyá ó ti sanra sí i, wọ́n ní ó ti yọ ikùn díẹ̀, mo fi ínṣì méjì kún ibi ikùn, mo kọ déètì sí i, Àlájà bá tiwọn lọ.

Palm IIIxe ni orúkọ ẹ̀rọ yìí, ọdún 2000 ló jáde. Mégábáìtì 8 péré ni mẹ́mórì ẹ̀, ojú ẹ̀ ò ní kọ́lọ̀, ó dà bí ojú kakulétọ̀, kò ní kámẹ́rà, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ṣí, ẹ ò sì lè fi pe ẹnikẹ́ni. Bùrọ̀dá mi tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló fún mi ní 2006 nígbà tóun ti ra fóònù tuntun, láti ìgbà náà kò tíì kúrò lápò mi. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé fóònù ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ ni. Ó lè ṣe é, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n fóònù mẹ́ta ló ti bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n jí méjì gbé, ọ̀kan jábọ́ sómi, àti pé tí mo bá di téèpù mú sí ejìká kọ́sítọ́mà tí mo fẹ́ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni fóònù máa dún, kí n tó dáhùn tán mo ti gbàgbé bóyá 18 ni àbí 18 àbọ̀. Palm kì í dún láàárín iṣẹ́. Tí wọn ò bá sì mú iná wá fún ọjọ́ mẹ́ta, kò kàn án, bátìrì kékeré méjì tó ń wọ rìmóòtù ló ń lò, á sì tó bí oṣù kan àbọ̀ lọ́wọ́ mi. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí kò síná, ẹ ó tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀, ojú ẹ̀ á mọ́lẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó bá iṣẹ́ télọ̀ mu jù ni ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí. Àyè mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tí wọn ò fi sí nǹkan kan pàtó, ẹni tó ni ín ló máa sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù ú, èmi sọ tèmi ní Ejika, Aya, Owo, Gigun, ìyókù bí ọrùn àti ìbàdí àti ẹnu ṣòkòtò, mo kọ wọ́n sí nóòtì tó so mọ́ orúkọ kọ́sítọ́mà yẹn. Ẹni tó jẹ mí ní gbèsè náà wà níbẹ̀, ọjọ́ tó ní òun máa san wà lábẹ́ To Do, gbogbo ìyẹn ni mo fi páswọ́ọ̀dù pamọ́, torí ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀rọ yìí fún mi, kò yẹ kí wọ́n mọ iye tí bàbá ẹnì kan jẹ.

Kíkọ nǹkan sínú ẹ̀ ló máa ń lé èèyàn sá lákọ̀ọ́kọ́. Bírò tí ò ní yíǹkì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lójú gíláàsì, Graffiti ni wọ́n ń pe irú ìkọ̀wé yẹn, fífà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà, A ò ní igi láàárín, ó dà bí òrùlé ilé, T ẹ ó fà á lọ sọ́tùn-ún kẹ́ ẹ tó fà á wá sísàlẹ̀. Apá òsì lẹ máa kọ lẹ́tà sí, apá ọ̀tún lẹ máa kọ nọ́ńbà sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ, báyìí mo lè kọ ọ́ láìwo ojú ẹ̀, kí ojú mi wà lára téèpù.

Ohun tó ń dùn mí lára ẹ̀ ni ti Yorùbá. Ẹ lè fi àmì sórí a àti e àti o, à á è é wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi nǹkan kan sábẹ́ lẹ́tà, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ìyàwó kan ní kí n rán aṣọ ọkọ òun, ohun tó wà nínú Palm mi ni aso oko, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ oko ni. Èmi mọ ohun tí mo kọ, àmọ́ ó yẹ kí èèyàn lè kọ èdè ẹ̀ dáadáa sínú nǹkan tó ń gbé káàkiri lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ti fẹ́ gbẹ̀mí mi, kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú ẹ̀, iná bátìrì ló dì í mú. Tí bátìrì bá kú pátápátá, gbogbo ẹ̀ á lọ. Ọdún kan báyìí, ibà dá mi gúnlẹ̀ nígbà tí Iléyà ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo gbé Palm sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú bátìrì tí mo ti mọ̀ pé ó ti fẹ́ tán, mo ní tí ara mi bá yá màá pààrọ̀ ẹ̀. Ìgbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn. Mo fi bátìrì tuntun sí i, ó tàn, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí n fi bírò tẹ àmì tó wà ní kọ̀rọ̀ ojú ẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ tuntun máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Mo ṣí àdírẹ́sì, òfìfo. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti da ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rí, mo rí èyí tó pọ̀ jù gbà padà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo wọ̀n láàárín oṣù mẹ́rin tó ṣáájú ló di pé kí n tún máa pè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun ẹ wá kí n tún yín wọ̀n, nígbà Iléyà tí kálukú ń sáré. Bàbá kan bínú kó aṣọ wọn lọ, mi ò sì lè bá wọn jà.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ kìíní oṣù ni mo ń pààrọ̀ bátìrì, ì báà ṣì ní agbára. Bí tuntun ò bá tíì wà lọ́wọ́ mi tí mo ti tú u kúrò nínú ọ̀rá, mi ò ní ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, torí ìṣẹ́jú kan péré lẹ ní kó tó gbàgbé. Mi ò kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ bá mi ṣe é. Ẹ má sì ra bátìrì tó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ìwé, kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń da gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, HotSync ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìdúró ẹ̀ tó ń jókòó lé, ẹnu wáyà ẹ̀ ní ihò mẹ́sàn-án, láptọ́ọ̀pù ayé ìsinyìí ò ní ibi tó máa kì í bọ̀, ẹ máa ní láti ra wáyà tó ń sọ ọ́ di USB. Àkọ́kọ́ tí mo rà ò ṣiṣẹ́, ìkejì ló ṣe é, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìlọrin ló wá fi Linux, tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan fún mi pẹ̀lú J-Pilot tó ń gba ohun inú Palm sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ò sì tíì já mi kulẹ̀.

Òun náà ló sọ ìtàn Jeff Hawkins tó ṣe Palm àkọ́kọ́ tó jáde ní 1996 fún mi, pé kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ kankan ó gé igi kan tó ṣe déédéé àpò ẹ̀wù ẹ̀, ó ń gbé e káàkiri, tí wọ́n bá dá ọjọ́ kan fún un á yọ igi náà jáde á máa ṣe bí ẹni tó ń kọ nǹkan sí i. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Bébà làwa náà kọ́kọ́ ń gé kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ olówó iyebíye. Igi tó gé yẹn ló jẹ́ kí Palm wọ àpò bùbá mi láìyọ sílẹ̀.

Iléeṣẹ́ HP ra iléeṣẹ́ Palm ní 2010, wọn ò ṣe irú eléyìí mọ́, kàlẹ́ńdà inú ẹ̀ gan-an ò kọjá ìparí ọdún 2031. Nítorí náà tòkunbọ̀ nìkan lẹ máa rí rà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ṣí ibi bátìrì wò bóyá ó ti dípẹtà, ẹ fi bírò tẹ gbogbo igun ojú ẹ̀, torí tí ojú bá ti gbó, ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ kọ́ ló máa dáhùn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè ìdúró ẹ̀, ẹ má gbà á láìsí ìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa ń gbàgbé bátìrì, kó má rà á o, kó fi ìwé kọ tiẹ̀. Èmi ń wá èkejì tí màá gbé sílẹ̀ de èyí, ìdérí èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti kán lápá kan. Ẹni tó bá rí èyí tó pé pẹ̀lú ìdúró ẹ̀, kó gbé e wá, apá Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, tówó bá bára mu màá san án lójú ẹsẹ̀.