Propranolol 40 mg: ohun tó ń dí lára, àti ohun tí kò kàn án

Hóró propranolol 40 mg ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, irú èyí tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tí gẹ̀gẹ̀ ń dà láàmú, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí ẹni tí túúlu ò jẹ́ kó gbádùn orí ara rẹ̀. Àwọn míì a sì máa wá a kiri nítorí àyà jíjá. Inderal ni ICI, ilé iṣẹ́ oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi pè é nígbà tí wọ́n gbé e jáde láwọn ọdún 1960, James Black tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Orúkọ tó wà lójú páálí lónìí pọ̀. Ẹ yí páálí padà, kí ẹ wá «propranolol hydrochloride», nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Àwọn kan ń pè é ní oògùn tó ń pa hòmóònù wàhálà. Kì í pa nǹkan kan. Adrenaline, hòmóònù tó ń mú kí ọkàn sáré bí ẹ̀rù bá bani, ṣì ń jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Propranolol ló ti lọ jókòó sí ààyè tí adrenaline ì bá jókòó sí lára ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ọwọ́ fi ń dákẹ́ tí ọkàn ò sì sáré mọ́, ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù ṣì lè wà nínú orí rẹpẹtẹ. Cortisol, hòmóònù wàhálà kejì, ńkọ́? Ààyè tirẹ̀ yàtọ̀, propranolol kì í dí i. Àwọn oògùn tó ń bá cortisol jà wà: metyrapone ń dá ṣíṣe rẹ̀ dúró, mifepristone ń dí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àrùn Cushing, níbi tí cortisol ti pọ̀ jù lára, ni dókítà ń fi wọ́n tọ́jú, kì í ṣe àìrójú lásán, torí ẹni tí cortisol rẹ̀ bá já wálẹ̀ jù, ibà kékeré lè gbé e dákú.

Láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà bá kọjá, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí hóró lásán fi ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀ ń ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ sì máa ń jẹ́ kí èyí tó kọjá pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fi òfìfo inú lò ó lónìí tí ẹ sì fi iyán lò ó lọ́la, agbára rẹ̀ ò ní bára mu. Hóró tó bá ní ìlà láàárín ṣeé ṣẹ́ sí 20 mg. Ẹ tètè fi omi gbé e mì, torí bó bá pẹ́ lórí ahọ́n, yàtọ̀ sí pé ó korò, ahọ́n á kú tipiri. Kápúsù 80 mg àti 160 mg tó ń pẹ́ lára kò ṣeé ṣí, kò sì ṣeé rún lẹ́nu.

Ẹ máa fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ níbi àtàǹpàkò, kí ẹ ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó lò ó. Bí kò bá pé 50, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má lò ó, ẹ pe dókítà.

Ní ti agbára tí ara fi ń bá àrùn jà, ibẹ̀ ni àhesọ pọ̀ sí jù. Bí ẹ̀rù bá bani tàbí téèyàn bá sáré, adrenaline máa ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò lára ògiri iṣan bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, pàápàá àwọn NK tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. Oríṣi ààyè adrenaline kan tí wọ́n ń pè ní beta-2 ni àṣẹ yẹn ń gbà wọlé. Propranolol dí beta-1, tó pọ̀ lára ọkàn, àti beta-2 pọ̀, ìjáde wọn á wá dín kù gan-an. Bisoprolol àti atenolol, àwọn ìbátan rẹ̀ tó dojú kọ beta-1, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Èyí ò sọ ọ́ di oògùn tó ń fún ara lágbára, kò sì jọ prednisolone, ìbátan cortisol, tó ń fi ara sílẹ̀ fún àkóràn bó bá pẹ́ lára. Ewu tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé àkóràn lè ti wọ ara kí ọkàn má sáré bó ṣe yẹ, kí nọ́ọ̀sì sì rò pé àìsàn náà fúyẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú kí wọ́n tó gún yín ní abẹ́rẹ́ penicillin: bí ara bá kọ̀ ọ́, adrenaline tí wọn yóò fi gbà yín là lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì lè di pé kí wọ́n wá abẹ́rẹ́ míì tó ń jẹ́ glucagon.

Lára àwọn hòmóònù tó kù, ti gẹ̀gẹ̀ ló fara hàn jù. Bí gẹ̀gẹ̀ bá ń tú hòmóònù jù, 10 sí 40 mg lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ń dá gbígbọ̀n àti ọkàn tó ń sáré dúró. Kì í wo gẹ̀gẹ̀ náà. Carbimazole ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí carbimazole bá ti ń ṣiṣẹ́, ara ò tún ní máa lé propranolol jáde kíá bíi ti tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n kan náà á wá le jù, àárẹ̀ á sì dé. Ẹlẹ́gẹ̀gẹ̀ tó ti ń sàn tó wá ń rò pé òun rẹ̀ jù, kó lọ yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò kó tó máa ra fítámì.

Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide fún àtọ̀gbẹ lè má mọ̀ bí ṣúgà bá já sílẹ̀, torí ọwọ́ lè má gbọ̀n, ọkàn sì lè má sáré. Òógùn ló sábà máa ń ṣẹ́ kù bí àmì, nítorí náà bí òógùn bá kàn ń là á lójijì, kó fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà wò. Melatonin, hòmóònù oorun, náà ń dín kù lóru, àlá burúkú lè bẹ̀rẹ̀; kí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, kó má bọ́ sí àkókò tí ẹ fẹ́ sùn. Ó tún máa ń fa renin, ohun tí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀, èyí tó lè yí àbájáde àyẹ̀wò aldosterone, hòmóònù tó ń darí iyọ̀ ara, po.

Fún ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, èmi ò ní kí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú fi bẹ̀rẹ̀. Amlodipine sábà máa ń ṣe dáadáa ju ú lọ. Ẹni tó ní àsímà kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá, nítorí beta-2 tó ń ṣí ọ̀nà èémí ló ń tì pa. Àwọn tafàtafà àti oníbọn eléré ìdárayá náà kò gbọ́dọ̀ lò ó, WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn èèwọ̀ nínú eré ìdárayá, ti kà á léèwọ̀ fún wọn. Ọwọ́ tó dúró ṣinṣin ló fà á.

Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Nígbà tó bá ti pẹ́ lára, ààyè tí adrenaline ń jókòó sí á pọ̀ sí i. Bí oògùn bá kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á gbọ́ àṣẹ papọ̀, ọkàn á sáré, àyà lè máa dunni. Dókítà á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí káàdì tó tán.