atan2 inú Python mọ ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ ju atan lọ

Fọ́ńṣọ̀n méjì ló wà nínú math, àpò ìṣirò ti Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), fún ẹni tó fẹ́ sọ tangent di igun: atan àti atan2. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà láti ìlú kan sí òmíràn lẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tọ́ka, atan2 ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má wo atan rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí dìgírì 6.5 ní àríwá, 2.6 ní ìlà-oòrùn, kí Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ní Bénin kan náà, wà ní 8.0 àti 2.5. Ẹni tó ń lọ yóò fi 1.5 gun àríwá, yóò sì fi 0.1 yà sí ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn -0.1. Ẹ kọ math.degrees(math.atan(1.5 / -0.1)): nǹkan bí -86.2 ló máa jáde. Láti ìlà-oòrùn la ti ń ka igun yìí, gúúsù ló sì dojú kọ. Ó ń mú èrò Ṣábẹ̀ẹ́ sọdá ọ̀sà wọ inú òkun! Ohun tó fà á ni pé lẹ́yìn tí ẹ ti pín nọ́mbà méjèèjì, atan kò lè mọ èyí tó ru àmì òdì nínú wọn mọ́. atan2(1.5, -0.1) gbà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ bá sọ èsì rẹ̀ di dìgírì, 93.8 ni, àríwá tó yà díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ti Kétu le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi 0.9 wà ní àríwá Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n orí 2.6 kan náà ní ìlà-oòrùn làwọn méjèèjì wà, òdo sì ni ìyàtọ̀ wọn níbẹ̀. Python kì í fi òdo pín nǹkan: ZeroDivisionError. atan2(0.9, 0) kò ní wàhálà kankan, 90 dìgírì ni.

Fún ìwọ̀n bíi ti kọ́ńpáàsì, tó ń kà láti àríwá, ẹ yí wọn sípò: math.degrees(math.atan2(-0.1, 1.5)) % 360, ẹ ó rí 356.2.

Ibi tó ti lè dà yín rú ni pé y (ìyàtọ̀ sí àríwá) ló ṣáájú x (ìyàtọ̀ sí ìlà-oòrùn) nínú Python, bẹ́ẹ̀ ATAN2 ti Excel ń fẹ́ x ṣáájú. Ìkìlọ̀ kankan kò ní jáde, igun náà á kàn ṣì. Arctan tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, atan ni Python ń pè é. Kọ́mà tí a fi ń kọ 1,5 níbẹ̀ kò sì wúlò níhìn-ín: atan2(1,5, -0,1) di nọ́mbà mẹ́rin lójú Python, TypeError ni yóò sì fi dáhùn.