CAS ní Lausanne: owó ìwọlé kéré, inú ilé ló wọ́n

Agunkẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá oògùn amárale nínú ìtọ̀ rẹ̀, tí ìgbìmọ̀ UCI, àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé, sì ti dá lẹ́bi, ibì kan ló kù tó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: Kóòtù Ìlàjà Eré Ìdárayá, tí gbogbo ayé ń pè ní CAS, ní ìlú Lausanne lórílẹ̀-èdè Switzerland. Láti 1984 ló ti wà. Bí ẹni ń yẹ ọjà wò la ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: iye tó ń gbà, bó ṣe yá tó, ohun tó wà lórí igbá àti ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí CAS bá ti fọhùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Irọ́ ni. Ẹjọ́ owó àti ẹjọ́ ọ̀daràn lè ṣì wà níta tí wọ́n ń dúró de onítọ̀hún.

Ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Owó ìwọlé jẹ́ 1,000 fáránkì Switzerland. Wọn kì í dá a padà, bí ẹ kò bá sì san án, ẹjọ́ yín kò ní kúrò lójú kan. Bó bá jẹ́ àjọ àgbáyé bíi UCI ló gbé ìdájọ́ jáde, tó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbáwí pọ́ńbélé, CAS fúnra rẹ̀ ló ń san owó iṣẹ́ àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ àjọ orílẹ̀-èdè ló dájọ́, àwọn tó ń ṣẹjọ́ ló máa kó owó adájọ́ sílẹ̀. Nínú méjèèjì, oníkálukú ló ń gbé bùkátà lọ́yà rẹ̀, ẹlẹ́rìí rẹ̀, ògbufọ̀ rẹ̀ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yìí ló sì ń gbé ẹjọ́ oògùn dúró, kì í ṣe ẹnu dídùn lọ́yà. Ẹni tí kò lówó lè béèrè ìrànwọ́ lọ́wọ́ CAS, kó fi ẹ̀rí ohun tó ń wọlé fún un hàn. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà yẹn.

Òfin CAS fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ ní ọjọ́ 21, láti ọjọ́ tí ìwé ìdájọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àyàfi bí òfin àjọ tó dájọ́ bá dá ọjọ́ mìíràn. Òfin àjọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, torí ìṣirò ọjọ́ ti pa ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ kò gùn, àmọ́ kò gbọdọ̀ dín: orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́, ẹ̀dà ìdájọ́ tí ẹ ń ta kò, ohun tí ẹ fẹ́ kí kóòtù ṣe, orúkọ adájọ́ kan tí ẹ mú nínú àkójọ CAS, ẹ̀dà òfin tó fún yín láyè láti wá síbẹ̀, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ìjìyà dúró ná, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan kan bá sọnù nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún yín láyè láti fi kún un.

Lẹ́yìn tí gbèdéke ìpẹ̀jọ́ bá ti kọjá, ọjọ́ 10 péré ló kù kí àlàyé kíkún wọlé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já ṣubú. Wọ́n á fi gbogbo ọjọ́ 21 wá lọ́yà, wọ́n á wá rò pé ìgbà yẹn ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí àlàyé kò bá dé lásìkò, CAS á kà á sí pé ẹ ti fà sẹ́yìn. Ọjọ́ 20 ni ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ ní láti fèsì. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí rẹ́súlùtì dókítà yín bá wà ní èdè míì, ẹ múra owó ìtumọ̀.

Ní ti adájọ́, ẹ̀yin á mú ọ̀kan, alátakò á mú ọ̀kan, CAS á mú alága. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wá láti ìta àkójọ wọn. Àwọn tó ń ṣàríwísí ti sọ ọ́ títí pé bó ṣe jẹ́ CAS ló ń yan alága kò jẹ́ kí òṣùwọ̀n dọ́gba, ìyẹn kò sì yí padà. Ohun tó yí padà ni ìgbọ́ ẹjọ́ ní gbangba. Ní 2018, Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ pé Switzerland tẹ ẹ̀tọ́ Claudia Pechstein lójú, ọmọ Jámánì tó ń sáré lórí yìnyín, nígbà tí CAS kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba. Láti ìgbà yẹn, eléré tó ń jẹ́jọ́ ìbáwí lè béèrè fún un.

Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ láti orí dé ìsàlẹ̀. Wọn kì í kàn wo bóyá àwọn tó kọ́kọ́ dájọ́ ṣi òfin lò; wọ́n á tún tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, àti òfin àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa níbi àkọ́kọ́, CAS lè tún un ṣe. Ẹ má wá fìyẹn ṣe ọgbọ́n àgbọ́njù o. Àwọn adájọ́ láṣẹ láti kọ ẹ̀rí tó ti wà lọ́wọ́ yín nígbà ìjẹ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ gbé pamọ́.

Ọ̀bẹ náà lójú méjì. UCI àti WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn amárale, náà lè gbé yín lọ síbẹ̀. Ẹni tí àjọ ìlú rẹ̀ dá sílẹ̀ kò tíì bọ́.

Ẹjọ́ Alberto Contador, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Sípéènì, ló fi èyí hàn kedere jù. Ọjọ́ 21 oṣù keje 2010, ọjọ́ ìsinmi Tour de France ní ìlú Pau, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò Cologne ní Jámánì rí clenbuterol, oògùn tí òfin kà léèwọ̀, níbẹ̀: píkógíráàmù 50 nínú mílílítà kan. Ìlọ́po 40 ni iye tí WADA fi dandan lé pé kí gbogbo ilé àyẹ̀wò lè rí nígbà náà fi ju ìyẹn lọ. Kékeré yẹn kò gbà á sílẹ̀, torí clenbuterol kò ní ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà: ohun tó bá wọ ara agunkẹ̀kẹ́, òun ló ni ín, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó fi hàn bí ó ṣe wọlé, kí ìtàn rẹ̀ sì tẹ̀wọ̀n ju ìdajì lọ.

Contador ní ẹran màlúù tí ọ̀rẹ́ kan rà ní Irun, ní Sípéènì, ni. Àjọ kẹ̀kẹ́ Sípéènì gbà á gbọ́, wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kejì 2011. UCI àti WADA gbé ọ̀rọ̀ náà dé Lausanne. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú àwọn adájọ́: ẹran, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára, tàbí àfikún oúnjẹ tí oògùn ti dà mọ́. Wọ́n ní àyẹ̀wò ẹran nílẹ̀ Yúróòpù kì í sábà bá clenbuterol pàdé. Ti ẹ̀jẹ̀ náà kò dá wọn lójú. Wọ́n wá sọ pé àfikún oúnjẹ ló ṣeé ṣe jù, bẹ́ẹ̀ ẹran ni Contador gbé wá. Nígbà tí ìtàn tirẹ̀ kò tẹ̀wọ̀n, ìfòfindè ọdún méjì ni wọ́n gbé fún un, ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 2012. Tour 2010 lọ. Giro 2011, ìdíje kẹ̀kẹ́ Ítálì, tó gbà nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́ náà lọ. UCI tún fẹ́ gba owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù méjì yúrò lọ́wọ́ rẹ̀; èyí ni CAS kò gbà.

Ẹ fi wé ti agunkẹ̀kẹ́ Michael Rogers. Oògùn kan náà ni, ní Japan Cup oṣù kẹwàá 2013, àmọ́ China ló ti gun kẹ̀kẹ́ kó tó dé Japan, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ẹran ibẹ̀ máa ń ní clenbuterol. UCI gba àlàyé rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2014, wọn kò fòfin dè é síwájú sí i, àbájáde Japan Cup nìkan ni wọ́n pa rẹ́. Ibi tí ẹran ti wá ló yà wọ́n. Láti 2019, WADA ti sọ pé bí clenbuterol bá kéré sí nánógíráàmù 5 nínú mílílítà kan, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹran ló fà á. Iye ti Contador jẹ́ nánógíráàmù 0.05.

Ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti ilé àyẹ̀wò dípò kó ṣàlàyé ara rẹ̀, kó wo Floyd Landis, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ìpele 17 Tour 2006, ìwọ̀n testosterone sí epitestosterone, èròjà méjì tó máa ń wà nínú ara, jẹ́ 11 sí 1 nínú ìtọ̀ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 4 sí 1 ni ààlà. Ó gbéjà ko ilé àyẹ̀wò Châtenay-Malabry ní Faransé, ó pàdánù lọ́wọ́ adájọ́ méjì sí ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní 2007, ó lọ sí CAS. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2008, kì í ṣe pé ó tún pàdánù nìkan. Wọ́n ní kó san 100,000 dọ́là fún USADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn amárale ní Amẹ́ríkà, nítorí bó ṣe ja ẹjọ́ náà. Àṣìṣe tí ẹ bá rí nínú iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò kò tó: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé àṣìṣe yẹn gan-an ló lè bí èsì tó jáde.

Lẹ́yìn CAS, kóòtù àpapọ̀ Switzerland ló kù, ọjọ́ 30 ni ẹ ní. Wọn kì í tún ọ̀rọ̀ oògùn gbọ́ níbẹ̀. Bóyá wọ́n yan adájọ́ bó ṣe yẹ, bóyá CAS láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà, bóyá wọ́n jẹ́ kí ẹ sọ tẹnu yín, irú ìyẹn nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ má fi owó ilé yín ṣòfò níbẹ̀ torí pé ìdájọ́ dùn yín.

Ohun tí CAS kò tà rárá ni ààbò lọ́wọ́ ẹlòmíì. Lance Armstrong, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kò tilẹ̀ débẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2012 ló ní òun kò bá USADA ṣẹjọ́ mọ́, wọ́n gba Tour méje lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fòfin dè é títí ayé. Ó rò bóyá ibẹ̀ ló parí sí. Ẹyin lọ̀rọ̀: ní 2005 ó ti búra níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà pé òun kò lo oògùn rí, nígbà tí ilé iṣẹ́ SCA Promotions kò fẹ́ san owó ẹ̀bùn rẹ̀. Ní oṣù kejì 2015, ìgbìmọ̀ ní kó san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún SCA nítorí irọ́ yẹn. Ìjọba Amẹ́ríkà náà bá a ṣẹjọ́ lórí owó tí ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn fi ṣe onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀; mílíọ̀nù 5 dọ́là ló fi parí rẹ̀ ní 2018. Ta ló kọ́kọ́ pe ẹjọ́ yẹn? Landis ni, ó sì gba mílíọ̀nù 1.1 nínú owó náà. Landis fúnra rẹ̀ ti gbà ní 2012 láti dá 478,354 dọ́là padà fún àwọn 1,765 tó dáwó fún un nígbà tó ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́.

Ní Jámánì, agunkẹ̀kẹ́ Jan Ullrich san 250,000 yúrò ní 2008 kí wọ́n lè pa fáìlì jìbìtì dé ní Bonn láìdá a lẹ́bi. CAS ṣì fòfin dè é fún ọdún méjì ní 2012, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì. Fáìlì ọlọ́pàá náà máa ń rìn wá sọ́dọ̀ àwọn eléré: àpò ẹ̀jẹ̀ tí ọlọ́pàá Sípéènì kó nínú ẹjọ́ Puerto, ìwádìí wọn lórí oògùn amárale, ni CONI, àjọ Òlíńpíìkì Ítálì, fi wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára agunkẹ̀kẹ́ Alejandro Valverde nígbà tí Tour 2008 gba Ítálì kọjá. Ó bá a mu. Ítálì nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ lé e kúrò. Ní 2010 CAS sọ ọ́ di gbogbo ayé. Nítorí náà, kí lọ́yà tó mọ òfin ọ̀daràn ka àlàyé yín kó tó dé Lausanne, pàápàá bí ọ̀rọ̀ náà bá kan Faransé, Ítálì, Jámánì tàbí Austria. Lọ́yà eré ìdárayá nìkan kò tó níbẹ̀.

Ta ni ká wá rán lọ? Ẹni tí wọ́n fẹ́ fòfin dè fún ọdún mẹ́rin, tó sì mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ọ̀nà tó rọrùn ju CAS lọ wà: bó bá jẹ́wọ́, tó sì gba ìjìyà láàárín ọjọ́ 20 tí ìwé ẹ̀sùn dé, ọdún kan á kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó lè fi hàn pé àfikún oúnjẹ tí oògùn dà mọ́ ló ṣe òun, tí kò sì ṣàìbìkítà púpọ̀, lè gba ìkìlọ̀ lásán sí ọdún méjì, ó tó nǹkan tí èèyàn lè tìtorí ẹ̀ ná owó onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Irú ẹjọ́ yẹn ni CAS dára fún jù. Àmọ́ orí ìgò àfikún oúnjẹ náà gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgò tí ẹ ti ṣí, alátakò á ní ẹ̀yin lẹ bu oògùn sí i. Ẹ wá ìgò míì tí kò tíì ṣí, tí nọ́ńbà ìpele tí wọ́n pò ó bá ti àkọ́kọ́ mu, kí ilé àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ sì rà á lọ́wọ́ ọlọ́jà. Rìsíìtì ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, torí inki orí ìwé yẹn kì í pẹ́ parẹ́.