Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń wá mọ́tò àlòkù rà ní Ìlọrin: ẹ wo iná ọ́ìlì yẹn dáadáa

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti gbogbo agbègbè wa, ẹni tó bá ń wá mọ́tò àlòkù rà lásìkò yìí, kó jọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó tó yọ owó. Iṣẹ́ rẹwáyà, ìyẹn títún waya iná mọ́tò ṣe, ni mò ń ṣe. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo ti fojú ara mi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnìkan kọ́ ló ròyìn rẹ̀ fún mi.

Àwọn kan wà lára àwọn tó ń ta mọ́tò nílùú yìí tí wọ́n ń so iná ọ́ìlì orí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́ iná bátìrì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó, bó bá ti gbóná, tó wá bọ́ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Post Office tàbí Gẹ̀rí Àlímì, iná ọ́ìlì pupa yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù díẹ̀, iná náà á kú. Bí ẹ bá tún dúró, á tún ṣẹ́jú. Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé kò sí oníbàárà tó máa rí ìyẹn tí kò ní sá. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn máa ń yọ gílóòbù iná náà ni, tàbí kí wọ́n fa waya rẹ̀ já. Àwọn èèyàn ti gbọ́n sí ìyẹn, torí gbogbo wa ti mọ̀ pé bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáátì, iná ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn. Àwọn náà wá fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Wọ́n á gé waya iná náà kúrò lọ́nà sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì (ohun tó wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń tan iná náà, tó sì ń pa á), wọ́n á so ó mọ́ waya iná bátìrì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, iná méjèèjì tàn. Ẹ sítáátì, méjèèjì kú. Ẹ̀yin á ní mọ́tò pé. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, ni iná ọ́ìlì yẹn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí gbogbo ọ́ìlì bá tú dà sílẹ̀ lójú títì, kò ní tàn. (Mo fẹ́ sọ ọ́ kó yé yín: ẹni tó ṣe waya yẹn mọṣẹ́. Inú iṣẹ́ tiwa ni wọ́n ti ń rí ẹni bá wọn ṣe é, ó sì ń dùn mí.)

Obìnrin tíṣà kan ra Camry ọdún 1999 níbí lọ́nà yìí. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ní kó wá, mọ́tò sì tutù. Ẹni tó tà á fún un ń sọ pé, “Màmá, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé ẹ rí iná kankan níbẹ̀? Wàláì, ẹ́ńjìnnì yìí mọ́.” Màmá sanwó, wọ́n forí lé Òmù-Àrán. Wọ́n kọjá Ìdọ̀fián, wọn ò tíì dé Àjàṣẹ́-Ìpo tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó. Iná kankan ò tàn. Wọ́n gbé mọ́tò padà wá lórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Mẹkáníìkì yọ géèjì (ọ̀pá tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó), ọ́ìlì kún dé ojú àmì. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n pè mí, pé kí ló dé tí iná ò fi kìlọ̀. Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo waya ló ti bu eruku, àfi ojúkò kan ṣoṣo tí téèpù dúdú ibẹ̀ ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n wé e. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti so ó. Nígbà tí màmá gbé ọ̀rọ̀ padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní bí òun náà ṣe rà á nìyẹn. Láti ìgbà náà, mo ti rí irú waya kan náà nínú mọ́tò mìíràn, ilẹ̀ ìtajà mọ́tò kan náà ni wọ́n sì ti rà á.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ oníbàárà ni pé iná yìí kì í wọn bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Prẹ́ṣọ̀ ló ń ṣọ́, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí prẹ́ṣọ̀ bá ti lé ní nǹkan bíi 4 sí 7 psi (psi la fi ń wọn prẹ́ṣọ̀), sẹ́ńsọ̀ á pa iná. Kékeré nìyẹn. Ìwé àtúnṣe Toyota fún ẹ́ńjìnnì 5S-FE, èyí tó wà nínú Camry oní-sìlíńdà mẹ́rin ìgbà náà, sọ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 3000 rpm (ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan), prẹ́ṣọ̀ yẹ kó wà láàárín 36 sí 71 psi. Ẹ wá rò ó wò: ẹ́ńjìnnì tó ní 10 psi péré lórí ìrìn, iná rẹ̀ á kú fín-ín, bẹ́ẹ̀ ó ti ń jẹ ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “bó bá ti ń sáré iná á lọ, kò sí wàhálà,” irọ́ ló ń pa tàbí kò mọ̀. Ọ́ìlì gbígbóná máa ń ṣàn ju ti tútù lọ, pọ́ǹpù sì máa ń rọra yí bí mọ́tò bá dúró. Ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí mọ́tò bá gbóná tó sì dúró ni prẹ́ṣọ̀ ń já wálẹ̀ tí àṣírí ń tú nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ má gbà kí wọ́n dá yín lóhùn pẹ̀lú mọ́tò tútù. Ẹ wà á láti Ọ̀fà Garage dé Gánmọ̀, kí ẹ tan A/C, kí ẹ sì padà. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ fi í sí D, kí ẹ tẹ búrékì mọ́lẹ̀, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ẹ ò tẹ tọ́tù, wọ́n ti lè fún un sókè kí prẹ́ṣọ̀ má bàa já wálẹ̀. Ẹ fà géèjì yọ pẹ̀lú. Ọ́ìlì tó nípọn gan-an, tó ń fà bí ilá, nínú Camry tí 5W-30 tàbí 10W-30, ọ́ìlì tí kò nípọn púpọ̀, wà nínú ìwé rẹ̀, ó yẹ kó kọ yín lóminú. Gbogbo wa là ń lo 20W-50 tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí, mo mọ̀, àmọ́ àwọn kan ń da oògùn tó ń mú ọ́ìlì nípọn sí i kó lè gbé wọn dé ọjọ́ tí owó bá wọlé.

Fún ti waya, ẹ wo iná méjèèjì nígbà tí ẹ bá ń sítáátì. Nínú mọ́tò tó pé, iná ọ́ìlì sábà máa ń lọ́ra ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kó tó kú, pàápàá bí mọ́tò bá ti sùn mọ́jú. Bí òun àti ti bátìrì bá ń tàn pọ̀, tí wọ́n ń kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà gbogbo, ẹ fura. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná tàn, kí ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fa waya kúrò lórí sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ìtòsí fílítà ọ́ìlì ló wà. Iná gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi waya yẹn kan irin ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́dọ̀ tún tàn. Bí ẹ fa waya tí iná kò kúrò níbi tó wà, waya tó ń bọ̀ láti dáṣíbọ́ọ̀dù ti bó kan irin níbì kan, tàbí kó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló so mọ́. Ní ilẹ̀ ìtajà tí mo sọ yẹn, èmi mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ń tà tí kò bá fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan waya kan ṣoṣo, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Apá kejì jìbìtì yìí kúrú, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀. Mọ́tò tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú iná, mẹkáníìkì kan á sì ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, òun á bá yín mú un wá. Ẹ má dá a lóhùn kó tó fi géèjì prẹ́ṣọ̀ sí ojú ihò sẹ́ńsọ̀, kí ẹ fojú yín rí nọ́ńbà. Sẹ́ńsọ̀ tó ti kú lè ṣẹ́jú iná bẹ́ẹ̀. Waya tó bó lè ṣe é. Ọ́ìlì tó ti lọ sílẹ̀ náà lè ṣe é. Asẹ́ tó wà nínú súmpù (àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) lè dí nítorí ọ́ìlì tó ti pẹ́ tó sì dì. Ti Camry tiẹ̀ ní ìtàn: lọ́dún 2002, Toyota gbà láti tún ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì dì nínú wọn ṣe fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ti Camry oní-sìlíńdà mẹ́rin 1997 sí 2001 sì wà lára wọn. Amẹ́ríkà yẹn náà ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Bí géèjì prẹ́ṣọ̀ bá wá fi hàn pé prẹ́ṣọ̀ kéré lóòótọ́, tí súmpù sì mọ́, nígbà náà ni ẹ tó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀rìnnì àti pọ́ǹpù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rísíìtì pé iná ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ láti ara sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹ ó rí bí ojú wọn ṣe máa yí padà.

Ẹ má wá béèrè orúkọ lọ́wọ́ mi nínú inbox, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò níbikíbi láìpẹ́ yìí, kó fa waya sẹ́ńsọ̀ yẹn wò lónìí, kó tó tún gbé e jáde sí ọ̀nà Àjàṣẹ́. Bí iná náà bá sì tàn sí yín lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ẹ má sọ pé kí ẹ ṣáà délé ná.